Bí a ṣe ń fi òdiwọ̀n sí ìyára ìbọn ọ̀dà lọ́jọ́ eré ìgbafẹ́: ìtọ́sọ́nà fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Òkun

Ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ ní Kàbbà máa ń ṣe eré paintball, ìyẹn eré tí a ti ń fi ìbọn ta ọta tó kún fún ọ̀dà sí ara wa, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ Kérésì àti ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Abuja, Èkó àti Ìlọrin bá darí wálé. Inú oko kajú kan tí olóko yọ̀ǹda fún wa ni a ti ń ṣe é. A ó yá ìbọn ọ̀dà bí ogún, a ó pín ara wa sí ìhà méjì, ẹni tí ọ̀dà bá tú sí lára yóò jáde, nígbà tó bá sì tán a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni kí n rí i pé ìbọn kankan kò yára ju bó ti yẹ lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Mọ̀pà tàbí ibòmíràn ní ilẹ̀ Òkun bá gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi tí ènìyàn ti lè rò pé òun ti ṣe é tán nígbà tí kò tíì tán.

Ohun méjì ni ọ̀rọ̀ ìyára ìbọn pín sí, àwọn ènìyàn a sì máa dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni bí ọta kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára tó nígbà tó bá kúrò lẹ́nu ìbọn. Èkejì ni iye ọta tí ìbọn ń tú jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbọn kan lè máa ta ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọta náà sì yára débi tí yóò fi bó awọ ara. Òmíràn lè ta ọta tí ìyára rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kó da mẹ́wàá bo ènìyàn kan kí ẹni náà tó ráyè gbé ọwọ́ sókè pé òun ti jáde. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń wọn ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, ẹni tó bá wọn ọ̀kan kò tíì wọn èkejì.

Ìdí tí nọ́ńbà kékeré fi ń di ọ̀ràn ńlá

Ìbọn tí wọ́n fi ṣe eré yìí nígbà àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1981, ní ìlú Henniker ní ìpínlẹ̀ New Hampshire lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìbọn eré rárá. Nel-Spot 007 ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń tọ́jú igbó àti àwọn tó ń sin màlúù ló ń fi í ta ọ̀dà láti òkèèrè láti fi sàmì sí igi tàbí ẹran. Àwọn ènìyàn 12 ló gbé e wọ igbó lọ́jọ́ náà láti fi ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé ènìyàn ló fi òdiwọ̀n sí ìyára ìbọn náà nígbà tó yá, àti pé títí di òní, ènìyàn náà ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ìbọn fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ara igi ni òun ń ta tàbí ara ọmọ ẹnìkan.

Ọta tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó 0.68 ínǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 17, ó sì wúwo tó gíráàmù 3. Òkè tí eré yìí ti fara mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 91. Púpọ̀ nínú àwọn pápá tí wọ́n ti ń ṣe é fún ìgbafẹ́ kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀, wọn a fi í sí 280 tàbí ibi tó sún mọ́ ọn. Láti ìhín lọ, bí mo bá kọ nọ́ńbà bíi 280 tàbí 300, iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọta ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ń wí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni 280 fi yàtọ̀ sí 350 lára ẹni tó ti ẹ̀yìn igi kajú yọjú. Ó yàtọ̀ púpọ̀. Agbára tí ọta fi ń gbá ènìyàn kì í bá ìyára rẹ̀ rìn ní dọ́gbadọ́gba. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ọta gíráàmù 3 tó ń lọ ní 280 gbé agbára tó tó joule 11. Bó bá di 350, ìyára náà fi ìdá kan péré nínú mẹ́rin lé sí i, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti di joule 17, ó ti fi ju ìdajì lọ lé ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ìbòjú tí wọ́n ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ASTM F1776 ni wọ́n ṣe fún ọta irú eré yìí, kì í ṣe fún ọta tí ẹnìkan ti tú ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ta bó ṣe wù ú. Ojú tí ọta bá bà jẹ́ kò ní àtúnṣe, nítorí náà ni n kò ṣe ń gba àròyé kankan lórí nọ́ńbà.

Kí ìbọn tó wọ ìlú

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí ibi tí a wà. Ìbẹ̀rù ajínigbé wà lójú ọ̀nà wa, àwọn ọdẹ àti àwọn fijilanté ń ṣọ́ igbó tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá sì ṣàdédé rí ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó bo ojú, tí wọ́n gbé ohun tó jọ ìbọn nínú oko, kò ní dúró béèrè bóyá ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ìbọn ilẹ̀ wa, Firearms Act, ka ìbọn tó ń lo atẹ́gùn mọ́ àwọn ìbọn tí a ń gba ìwé àṣẹ fún. Ẹ má ṣe fi ẹnu ara yín pinnu pé ohun ìṣeré lásán ni. Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yín ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ dárúkọ oko, ọjọ́, wákàtí àti iye ìbọn, ẹ kọ òdiwọ̀n ìyára tí ẹ ó lò sínú rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì lórí ìwé. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ààfin, ẹ mú òmíràn lọ bá olórí ọdẹ, kí ẹ sì bẹ olórí ọdẹ pé kó yan ẹnìkan tí yóò wà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Inú àpò tí a ti dé ni gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ wà láti inú ọkọ̀ títí dé oko.

Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé

Òdiwọ̀n tí a bá ń jiyàn lórí rẹ̀ lórí pápá kì í ṣe òdiwọ̀n mọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó, ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà oko. Ti ẹgbẹ́ wa ni 280 nínú oko kajú tó ní àyè, àti 250 níbi tí igi ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn eléré fi lè pàdé ara wọn lójijì. Bí ìbọn kan bá ta ọta márùn-ún, tí mẹ́rin wà lábẹ́ 280 tí ọ̀kan sì jẹ́ 287, ìbọn náà kò yege, nítorí ọ̀kan yẹn náà ni ọta tí yóò ba ẹnìkan. A kì í wo àròpín.

Ní ti iye ọta, ohun tí a kọ ni pé fífà kan, ọta kan, kó má sì ju 8 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà nínú àwọn ìdíje ńlá ti àwọn tó ń fi eré yìí ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ibi tí òkè rẹ̀ ti jẹ́ 15 nígbà kan, wọ́n ti dín in kù títí ó fi sún mọ́ 10. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá rí i pé 15 pọ̀ jù, kí ni ọmọ tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oko kajú bàbá ẹnìkan fẹ́ fi 15 ṣe?

Fún àwọn ọmọdé, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣeré rárá, ìbọn kékeré tó ń lo ọta 0.50 ínǹṣì ni kí ẹ yá, nítorí ọta rẹ̀ kò wúwo tó ìdajì ti ńlá. Ọjọ́ tiwọn náà sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà.

Ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń yáni ní ìbọn

Ẹ béèrè bóyá gbogbo ìbọn náà jẹ́ èyí tí kò lo bátìrì, tí ènìyàn ń fi ìka fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló dára jù fún ìgbafẹ́, nítorí ó ṣòro fún ìka láti fà á kọjá 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ béèrè irú sílíńdà tó ń lò, ìyẹn ìgò irin tí gáàsì tó ń ti ọta jáde wà nínú rẹ̀, bóyá ti CO2 ni tàbí ti afẹ́fẹ́ lásán tí a fún pọ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí súkúrù ìyára ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbọn, pẹ̀lú ìwé tó ṣàlàyé ìbọn náà. Ẹ ní kí ọta inú páálí gbogbo jẹ́ irú kan náà. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìyára ọta, èyí tí àwọn eléré ń pè ní chronograph. Bí wọn kò bá ní ín, ẹ má ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ní méjì. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lè máa purọ́, kò sì sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ bí ẹ kò bá ní òmíràn tí ẹ ó fi wé e. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, ẹ fi ìbọn kan ṣoṣo ta ọta márùn-ún sí èkíní, kí ẹ tún fi í ta márùn-ún sí èkejì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tún un ṣe. Àwọn áàpù kan wà lórí fóònù tó ń fi ohùn ìbọn àti ohùn ọta tó ba pátákó ṣírò ìyára. Ó lè jẹ́ kí ẹ fura sí ìbọn, ṣùgbọ́n n kò ní fi í dá ìbọn kankan láre.

Bí a ṣe ń ṣètò ibi ìwọ̀n

Ẹ wá ibi tó ní ìbòòji, tó dojú kọ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ẹ̀rọ tó ní ojú méjì, tó ń wo òjìji ọta bó ti ń kọjá, kì í fẹ́ oòrùn tó ràn sí i lójú; ó lè kọ̀ láti ka ọta, tàbí kó ka nọ́ńbà tí kò sí. Abẹ́ igi máńgòrò ni a máa ń gbé tiwa sí, a ó fi aṣọ tapólì ta ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, a ó sì so tapólì mìíràn mọ́ iwájú láti gba ọta dúró. Tábìlì kan, ìwé kan, gègé, aago, omi àti àkísà, ó tó.

Ẹni tó bá wọ àyíká yẹn gbọ́dọ̀ ti fi ìbòjú sójú, ìbáà jẹ́ oníbọn, olùwọ̀n tàbí ẹni tó gbé omi wá. Ìbòjú eré yìí gan-an ni mo ń wí, kì í ṣe gíláàsì oòrùn, kì í sì í ṣe gíláàsì àwọn tó ń jó irin. Ìbọn tí kò sí lórí ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀ lẹ́nu. Mo máa ń jẹ́ kí ènìyàn kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á tò sẹ́yìn.

Wíwọ̀n àti dídín kù

Ẹ jẹ́ kí oníbọn ta ọta méjì tàbí mẹ́ta dànù ná, nítorí ọta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìbọn ti sinmi kì í sọ òtítọ́ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà kó ta márùn-ún kọjá lórí ẹ̀rọ, kó sinmi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìsinmi yìí ṣe pàtàkì fún ìbọn CO2: bí a bá ń ta á léraléra, sílíńdà á tutù, ìfúnpá inú rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìyára á sì dín kù. Mo ti rí ẹni tó mọ èyí dáadáa, tó yára ta ọta bíi ogún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi kí ìbọn rẹ̀ lè tutù kó sì yege. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan sílíńdà, tí ó tutù nini tí ìrì sì wà lára rẹ̀, ẹ ní kí olúwa rẹ̀ lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà wá.

Bí èyí tó ga jù nínú márùn-ún bá kọjá òdiwọ̀n, ẹ yí súkúrù ìyára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe gbogbo ìbọn ni a ń yí sí apá kan náà. Lára Tippmann 98, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń yáni ní ìbọn, súkúrù tí a bá yí sínú ló ń dín ìyára kù, nítorí ó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn. Lára àwọn ìbọn mìíràn, ìdí spírìǹgì ni súkúrù náà wà, bí ẹ bá sì yí i sínú, spírìǹgì á le sí i, ìyára á ga. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé rẹgulétọ̀ ni a ń yí, láti dín ìfúnpá atẹ́gùn tó ń wọ inú ìbọn. Ẹ ka ìwé ìbọn náà. Bí ìwé kò bá sí, ẹ yí i ní ìdá kan péré nínú mẹ́rin yípo kan, ẹ ta mẹ́ta dànù, ẹ wọn ọ́n, nọ́ńbà yóò sì sọ ibi tí ẹ dojú kọ fún yín. Ẹ má ṣe yí i ju ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì fi í sí orí 280 gééré. Ẹ jẹ́ kó wà ní 265 sí 270, kí ààyè lè wà fún oòrùn ọ̀sán.

Nígbà tó bá ti dúró dáadáa, ẹ mú ọ̀dà èékánná àwọn obìnrin, ẹ fi fa ìlà tín-ín-rín láti orí súkúrù wọ ara ìbọn. Bí ẹnikẹ́ni bá yí i lẹ́yìn náà, ìlà náà á já, ẹ ó sì rí i láìsí àríyànjiyàn. Ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí súkúrù, ẹ kó o sínú àpò kan lọ́dọ̀ olùwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má mú un wọ pápá. Ẹ so ọ̀já aṣọ mọ́ ìbọn tó yege. Àwa ń lo funfun fún àárọ̀ àti pupa fún ọ̀sán, kí rẹfirí lè mọ̀ láti òkèèrè ìbọn tó padà wá fún ìwọ̀n kejì àti èyí tí kò padà wá. Nínú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà ìbọn, orúkọ ẹni tó gbé e, wákàtí, nọ́ńbà márààrún, àti irú sílíńdà tó ń lò.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọta: awọ rẹ̀ jẹ́ jẹlatíìnì, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń wú. Ọta tó wú, tó sì há nínú ọ̀pá ìbọn, kì í lọ ní ìyára kan náà pẹ̀lú èyí tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá dáadáa. Páálí tí ẹ fi wọ̀n ni kí ẹ fi ṣeré. Bí ẹ bá ṣí irú ọta mìíràn lọ́sàn-án, ẹ tún gbogbo ìbọn wọ̀n. Ọta tó ti pẹ́ tó sì ti gan á máa ta padà lára ènìyàn láìfọ́, ìrora rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èyí tó fọ́ lọ. Ẹ dà á nù. Ẹnikẹ́ni tó bá kó ọta sínú fìríìsà kí ó lè le, ẹ má jẹ́ kó ṣeré lọ́jọ́ náà, ohun yòówù kí ìbọn rẹ̀ wọ̀n.

Bí a ṣe ń ka iye ọta

Ọ̀nà tó rọrùn jù kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ ka ọta 60 sínú ike ọta tó wà lórí ìbọn. Kí ẹnìkan di aago mú, kí oníbọn máa fa ìbọn bó bá ti lè yára tó fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gééré, lẹ́yìn náà ẹ ka iye tó ṣẹ́kù. Bó bá ku 20, ó ti ta 40, ìyẹn 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìbọn náà bá ta 60 tán kó tó tó àkókò, ẹ kò nílò ìṣirò kankan mọ́. Ẹ tún lè gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ wá wo àwòrán ohùn náà: gbogbo ìbọn tó dún yóò yọ ṣóńṣó kan, ẹ ó sì ka ṣóńṣó tó wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà yìí dára nítorí ó ń fi ohun tí kíkà ọta kò lè fi hàn hàn, ìyẹn ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, tó wá ń sáré sí i bí ìka ti ń fà á lọ. Àwọn ìbọn tó ń lo bátìrì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fà á ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí fi ọta tirẹ̀ kún ti ìka yín.

Bí ẹnìkan bá gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wá, ẹ ní kó fi í sí fífà kan, ọta kan, kó fi òkè rẹ̀ sí 8, kó sì ti bọ́tìnnì tí a fi ń yí ètò rẹ̀ padà pa. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fa ìbọn náà, ẹ dì í mú láìtú ìka sílẹ̀: ọta kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ fà á ní ìgbà mẹ́wàá kíákíá: mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá lé ní ọ̀kan, ìbọn náà yóò lọ sínú ọkọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tó dín wàhálà wa kù ju gbogbo èyí lọ. Ike ọta tí kò ní bátìrì, èyí tí ọta ń fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́ láti inú rẹ̀, kì í sábà lè bọ́ ìbọn ju ọta bíi 8 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ yọ ike oníbátìrì kúrò lórí ìbọn náà kí ẹ fi èyí dípò rẹ̀, ìbọn yòówù tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á sì fara balẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán

Èyí ni ibi tí mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kùnà. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, a bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọyẹ́ mú, gbogbo wa wọ súẹ́tà, gbogbo ìbọn sì yege, kò sí èyí tó kọjá 278. Mo di ẹ̀rọ mi sínú páálí, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó di bí aago méjì ọ̀sán, ọta ba àbúrò ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ọrùn, ó sì bó o lára. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo gba ìbọn tó ta á, mo gbé e sórí ìwọ̀n: 318. Ẹni tó ni í kò yí ohunkóhun. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé sílíńdà CO2 rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ nígbà tí a lọ jẹun. Mo tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà délé, mo sì bẹ ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Màmá dáríjì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn n kò tíì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú páálí kí eré tó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé. CO2 inú sílíńdà jẹ́ olómi, ìfúnpá rẹ̀ sì ń bá ooru gòkè. Ní dígírì 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó jẹ́ nǹkan bíi 850 psi (psi ni òṣùwọ̀n ìfúnpá); bó bá di dígírì 31, ó ti kọjá 1,000. Ní ìgbà ọyẹ́ ní ilẹ̀ wa, òtútù àárọ̀ àti ooru ọ̀sán jìnnà síra púpọ̀, orí irin ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn sì tún gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìbọn tí a wọ̀n ní òtútù àárọ̀ kì í ṣe ìbọn kan náà lọ́sàn-án, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Sílíńdà afẹ́fẹ́ lásán, tó ń gba 3,000 tàbí 4,500 psi, ní rẹgulétọ̀ lẹ́nu tó ń dá ìfúnpá tó ń jáde dúró sójú kan, nítorí náà kì í fò sókè bẹ́ẹ̀. Bí owó yín bá ká a, òun ni kí ẹ yá.

Bó bá jẹ́ CO2 ni ẹ ní, ẹ kó gbogbo sílíńdà sábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi àkísà tó tutù bò wọ́n, kí ẹ má sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti tì. Ẹ tún gbogbo ìbọn wọ̀n ní aago mọ́kànlá, ẹ tún un ṣe ní aago kan, kí ẹ sì wọn ìbọn yòówù tó bá pààrọ̀ sílíńdà. Bí ẹ bá ń rọ gáàsì sí i fúnra yín, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: sílíńdà tí wọ́n kọ 20 oz (áúǹsì 20) sí lára kò gbọdọ̀ fi ju gíráàmù 567 lọ wúwo ju bó ti wúwo nígbà tó ṣófo. Èyí tí a rọ kọjá bẹ́ẹ̀ á máa pọ olómi sínú ìbọn, ìyára á máa fò sókè lójijì, sílíńdà fúnra rẹ̀ sì lè bẹ́ ìdè ààbò ẹnu rẹ̀ nínú ooru.

Ẹ tún fi kún un pé kí gbogbo eléré fi aṣọ wé ọrùn. Ìbòjú kì í dé ibẹ̀.

Nígbà tí ẹnìkan bá kọ̀

Yóò ṣẹlẹ̀, pàápàá pẹ̀lú ẹni tó gbé ìbọn tirẹ̀ wá láti ìlú ńlá, tó sì jù yín lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wá ní Àjíǹde kan, ìbọn rẹ̀ ta 312. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ókun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dín in kù sí 270.” Ó ní ní Abuja ẹnikẹ́ni kì í yọ òun lẹ́nu lórí ìyẹn. Mo tọ́ka sí pátákó, mo fi orúkọ rẹ̀ hàn án nínú ìwé, mo sì sọ fún un pé ìbọn ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ tí òun lè lò bí kò bá fẹ́ kí a fọwọ́ kan tirẹ̀. Ìbọn ẹgbẹ́ ló lò. Ẹ máa ní ìbọn méjì tó ti yege nílẹ̀ fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó rọrùn fún ènìyàn láti gba ìbọn mìíràn ju kó gba pé òun ṣẹ̀ lọ.

Ẹni tí a bá rí pé ìlà ọ̀dà orí súkúrù rẹ̀ ti já, kò ní padà wọ pápá lọ́jọ́ náà. N kò mọ ìdí mìíràn tí ènìyàn fi lè yí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ra. Ìbọn tó wà ní 270 ṣì ń dunni gan-an bí ẹni tó ta á kò bá jìnnà sí ẹni tí ọta bà. Láàárín mítà mẹ́fà, a kì í yìnbọn. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ yóò ké pé “jọ̀wọ́ ara rẹ,” ẹni náà yóò sì jáde. Kí rẹfirí fi okùn mítà mẹ́fà han gbogbo ènìyàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí mítà mẹ́fà ẹnìkan kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn eré

Kí àwọn eléré tó bọ́ ìbòjú, gbogbo ìbọn yóò ní ìbọ̀ lẹ́nu, a ó yọ ike ọta, a ó sì yọ sílíńdà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ mú ìbọn mẹ́ta láìyàn, ẹ wọ̀n wọ́n fún ìgbà ìkẹyìn, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àárọ̀. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá fi ju 15 lọ lé ti àárọ̀, ẹ kọ wákàtí àti bí oòrùn ṣe mú tó síbẹ̀, ẹ ó sì mọ iye tí ẹ ó fi dín ti ọdún tó ń bọ̀ kù láti àárọ̀. Ẹ fi omi fọ ọ̀dà kúrò lára igi olóko. Omi lásán ń mú un kúrò. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ súkúrù padà pẹ̀lú ìbọn, kí ẹ sì fi ìwé ìwọ̀n pamọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ìwé yẹn ni mo mú lọ bá àwọn ọlọ́pàá nígbà tí mo tún lọ tọrọ àyè.